Ìpàgọ́ àti ìmòòkùn ní Balmorhea: ṣé ọjọ́ mẹ́ta tó?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Houston:

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Èmi àti ìyàwó mi pẹ̀lú àwọn ọmọ wa méjì ń gbèrò láti wa ọkọ̀ lọ sí Balmorhea State Park ní ìwọ̀-oòrùn Texas ní ìparí oṣù kẹsàn-án, kí a pàgọ́ sùn síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí n sì fi àgbá afẹ́fẹ́ mòòkùn lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta nínú adágún tí ìsun San Solomon ń tú omi sí. Kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ tí mo gba káàdì ẹ̀rí amòòkùn. Inú adágún kan tí omi rẹ̀ dúdú bí omi aró ni mo ti kọ́ ọ, débi pé ọwọ́ ara mi gan-an ni mo fi ń táràrà.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, ṣé adágún tí kò jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 25 lọ tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ wa ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́sàn-án? Èkejì, ìyàwó mi kì í mòòkùn, ìràwọ̀ ló fẹ́ràn, ó sì fẹ́ kí a gun òkè lọ sí McDonald Observatory, ibi tí wọ́n ti ń fi awò ńlá wo ìràwọ̀, ní alẹ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn tí mo bá ti jáde nínú omi. Ǹjẹ́ ètò náà bójú mu?

Ìyá Ìbejì, Katy:

Ẹ kú ètò o. Ó tó bẹ́ẹ̀, ó sì tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi jíjìn wọn omi yẹn, dídán rẹ̀ ni kí ẹ wò. Omi tó ń tú jáde nínú ìsun náà lójúmọ́ lé ní mílíọ̀nù 15 gálọ́ọ̀nù, bó ṣe ń wọlé ni ó ń ṣàn jáde gba ojú ọ̀nà omi lọ sí oko àwọn àgbẹ̀, nítorí náà wọn kì í da oògùn kankan sí i. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìjọba Amẹ́ríkà kó jọ láti ṣiṣẹ́ nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń pè ní CCC, ni wọ́n mọ odi yí ìsun náà ká, láti àárín àwọn ọdún 1930. Àárín rẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí omi ti ń jáde, ẹ ó rí iyanrìn tó ń hó kùṣọ́kùṣọ́ bí ẹ̀kọ tó ń sè lórí iná, ẹja kéékèèké á sì dúró gbọnin lójú ìṣàn náà bí ẹni pé ẹnì kan so wọ́n mọ́lẹ̀.

Nínú àwọn ẹja yẹn, ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Comanche Springs pupfish. Ìsun Comanche tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ní Fort Stockton, gbẹ ní ọdún 1961 nítorí omi tí àwọn àgbẹ̀ ń fà lábẹ́ ilẹ̀, ẹja náà sì parun níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì wà níbí. Èmi kì í lè wò ó kí n má rántí àwa tí a ń jẹ́ orúkọ ìlú tí a ti fi sílẹ̀.

Ẹ kàn ṣọ́ erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ o. Nígbà àkọ́kọ́ tí a lọ, ọkọ mi fi lẹbẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ gbá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, omi sì funfun bí ògì láàárín wa, tí a fi ń wá ara wa bí ẹni pé a kò jọ wọlé.

Àgbà Amòòkùn:

Àbúrò, ọ̀rọ̀ òkè yẹn ni kí ẹ tún rò. Adágún yẹn fúnra rẹ̀ ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní 3,000 ẹsẹ̀ bàtà, bẹ́ẹ̀ láti 1,000 ni àwọn tó kọ́ wa ti ń ka ìmòòkùn sí ti orí òkè, nítorí náà ẹ rí i pé kọ̀ǹpútà ìmòòkùn ọrùn ọwọ́ yín mọ̀ pé orí òkè ni ó wà. McDonald Observatory lé ní 6,700 ẹsẹ̀ bàtà. Afẹ́fẹ́ tí ara ti gbà sínú lábẹ́ omi ń fẹ́ jáde, bí ènìyàn bá sì yára lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́, ó lè yọ bí ọṣẹ tó ń hó nínú ẹ̀jẹ̀. Lóòótọ́, ẹsẹ̀ bàtà 25 kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mòòkùn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni wọ́n ń sọ fún pé kí ó dúró fún wákàtí 18 kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ọ̀nà òkè yẹn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i. Ìràwọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, torí wọ́n ń gba àlejò lálẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú, kí omi tẹ̀ lé e. Ẹ rọra wakọ̀ padà, àgbọ̀nrín pọ̀ lọ́nà.

Omi náà kò gbóná ju ìwọ̀n 24 ti Celsius lọ, aṣọ rọ́bà ni kí ẹ wọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: ìyàwó yín kì í mòòkùn, ta wá ni ẹnìkejì yín nínú omi?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Houston:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbá mi mú níbẹ̀, n kò ní ẹnìkejì, mo ti rò pé n ó rí ẹnì kan tí ń bẹ lẹ́bàá adágún. Mo ti yí ètò náà padà: a ó kúrò ní Houston ní agogo mẹ́rin òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ìyàwó mi ti ń ka aṣọ òtútù sínú àpò, ó ní òun ló borí.

Ìyá Ìbejì, Katy:

Ẹ tètè gba ààyè àgọ́ àti tíkẹ́ẹ̀tì yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó máa ń tán. Ọkọ mi ní òun yóò bá yín wọ omi, bí ẹ bá lè fara da erùpẹ̀.