Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí ìrìn àjò ọjọ́ kan láti Las Vegas

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dáhùn nígbà tí mo béèrè ibi tí a lè lọ láàárọ̀ láti Las Vegas kí a sì padà lálẹ́ ọjọ́ kan náà. A ti lọ, a ti bọ̀, àbọ̀ yìí ni mo sì fi pa ìbéèrè náà dé. Valley of Fire ni mo fi ṣe àkọ́kọ́, nítorí pé àwọn àpáta rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ òkìtì iyanrìn láyé àtijọ́ kí wọ́n tó di òkúta, máa ń pọ́n bí ẹyin iná nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, àwòrán tí àwọn ará ibẹ̀ àtijọ́ gbẹ́ sára wọn kò sì tíì parẹ́. Red Rock Canyon ló sún mọ́ ìlú jù, ṣùgbọ́n láti oṣù Ọ̀wàrà títí di oṣù Èbìbí, ẹni tí yóò wa ọkọ̀ gba ojú ọ̀nà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gba àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Hoover Dam, níbi tí wọ́n ti sé odò Colorado, kò gbà wá lákòókò púpọ̀. Zion, ọgbà ohun àdáyébá kan, rẹwà lóòótọ́, àmọ́ ìpínlẹ̀ Utah ló wà, aago ibẹ̀ sì fi wákàtí kan ṣíwájú ti Las Vegas, nítorí náà kí ẹ tètè jáde. Death Valley ni a kò lọ: ooru ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kó ọmọ kékeré lọ bá.