Ẹ gbà mí o: ṣáásì ọkọ̀ rìmóòtù wo ni kí n rà?

Ọmọ Oǹdó: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹnìkan ń lọ sí Èkó ní ìdájí ọ̀la, òun ló máa bá mi ra ọkọ̀ kékeré onírìmóòtù tí màá fi bá ẹgbẹ́ sáré. Mi ò ní ọ̀kan rí. Ṣáásì wo, ìyẹn egungun ọkọ̀ náà, ni kí n ní kó rà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dáhùn.

Jíà22: Ilẹ̀ wo lo fẹ́ sáré lé? Tó bá jẹ́ ti Alágbàká ní Àkúrẹ́, ìntálọ́ọ̀kì ni. Ti ọ̀nà Ìdànrè, ilẹ̀ pupa ni, ọ̀rọ̀ sì yàtọ̀ nìyẹn.

Ará Ìjàpọ̀: Tamiya TT-02, èyí tí wàá fọwọ́ ara rẹ tò. Òun ló pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́; tí apá táyà bá kán lọ́jọ́ eré, o ó rí ẹni yá ọ ní òmíràn. Mọ́tọ̀ 540 (nọ́ńbà yẹn ń sọ bó ṣe tóbi tó) wà nínú páálí. ESC (ẹ̀rọ tó ń darí iná tó ń lọ sí mọ́tọ̀) sábà máa ń wà níbẹ̀ náà, àmọ́ kí wọ́n ka ara páálí dáadáa. Servo (ẹ̀rọ tó ń yí táyà iwájú), rìmóòtù, bátìrì àti ṣájà kò sí níbẹ̀ o, kọ gbogbo rẹ̀ fún ẹni tó ń lọ. Kó tún ra bẹ́rìn 16: méjìlá tó jẹ́ 5×11 mm, mẹ́rin tó jẹ́ 10×15 mm. Má wulẹ̀ to búùṣì rọ́bà inú páálí sí ipò bẹ́rìn. Ọyẹ́ ń bọ̀. Eruku á wọnú gíríìsì, á di sáńpépà, á sì máa jẹ ọ̀pá jíà díẹ̀díẹ̀.

Bàbá Síkúrù: Kí ó ra sùkúdiráfà JIS (ti ìlànà Japan) mọ́ ọn. Orí síkúrù Tamiya kì í ṣe irú èyí tí sùkúdiráfà alágbèélébùú ọjà máa ń mú. Á kàn jẹ ojú rẹ̀ ni. Tí o bá sì fẹ́ de síkúrù tó ti wọ rọ́bà rí, kọ́kọ́ yí i sọ́wọ́ òsì títí wàá fi gbọ́ tí ó bọ́ sójú ihò rẹ̀, kó o tó wá dè é. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á gé ojú ọ̀nà tuntun, ẹ̀ẹ̀mẹta péré, ihò ti bàjẹ́.

Adúláwọ̀: Ẹ má jẹ́ kó ra TT-02! LiPo mi, bátìrì lítíọ̀mù, wú bí àkàrà nínú rẹ̀. Ẹni tó tà á ní tí bátìrì bá fẹ́ tán, ọkọ̀ á dá ara rẹ̀ dúró. Irọ́ ni. ESC TBLE-02S ló wà nínú rẹ̀.

Jíà22: Ṣáásì kọ́ ló jẹ̀bi yẹn. TBLE-02S kò mọ̀ pé LiPo ni, kò ní gé iná. Sẹ́ẹ̀lì kan nínú LiPo kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju 3.0 V, ẹ̀rọ kékeré tó ń ké, tí wọ́n ń kì sí pulọ́ọ̀gì funfun bátìrì, ni kó rà, kó sún un sí 3.5 V.

Adúláwọ̀: Kí ló dé tí wọ́n fi wá ń ta á fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀?

Ará Ìjàpọ̀: NiMH 7.2 V, irú bátìrì mìíràn, ni wọ́n ṣe é fún. Ìyẹn kì í wú bẹ́ẹ̀.

Adúláwọ̀: NiMH ṣì wúwo, agbára rẹ̀ sì ń rẹlẹ̀ kí eré tó parí. Ẹ sòótọ́ fún ọmọ náà.

Ọ̀dà Inú: Ẹ má gbàgbé ara ọkọ̀ o, rọ́bà polycarbonate tó mọ́ gaara. Inú ni a ti ń kùn ún, kì í ṣe ìta. Fi ọṣẹ ìfọabọ́ fọ̀ ọ́, jẹ́ kó gbẹ, kí o kọ́kọ́ fi àwọ̀ tó dúdú jù, kí funfun kẹ́yìn. Ọ̀dà polycarbonate nìkan. Ọ̀dà ọkọ̀ gidi á bó bó bá ti gbá ògiri.

Aládé RC: Slash ti Traxxas ni kó rà, èyí tí mọ́tọ̀ ń yí táyà ẹ̀yìn méjì nìkan. Ó ga nílẹ̀, òkúta kì í dà á láàmú.

Ará Ìjàpọ̀: Lórí ìntálọ́ọ̀kì? Ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ rọ̀, ó ga, bó bá ti fi ìyára gba kọ́nà, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nìyẹn. Mọ́tọ̀ 550, tó tóbi ju 540 lọ, ló sì wà nínú rẹ̀. Kò lè bá àwọn 540 tò sójú ìlà kan náà.

Bàbá Síkúrù: Síkúrù kékeré tó de jíà mọ́tọ̀ náà, ojú pẹlẹbẹ ọ̀pá ni kó bọ́ sí gan-an. Tó bá jókòó sórí ibi tó rí róbótó, jíà á máa yí lásán. Ẹ kán gọ́ọ̀mù síkúrù sí i, ẹyọ kan péré.

Ọmọ Oǹdó: Ẹ ṣé gan-an. Slash ni mo ní kí ó rà, èyí tí rìmóòtù, bátìrì àti ṣájà wà nínú páálí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù sí ọjọ́ eré, mi ò lè to nǹkan pọ̀. Ẹni méjì ní Slash nínú ẹgbẹ́, a ó jọ sáré.

Ará Ìjàpọ̀: Ó dáa. Jẹ́ kó ra apá iwájú méjì sí i, òun ló ń kọ́kọ́ ṣẹ́.

Jíà22: Kí o tó fi LiPo kankan sí i láyé, wo iná ESC XL-5 rẹ̀. Pupa: kò ní gé iná tí bátìrì bá fẹ́ tán. Àwọ̀ ewé: yóò gé e. Tó bá pupa, tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀, má sì fọwọ́ sílẹ̀ títí yóò fi yí padà.