R₀ ju 3 lọ, síbẹ̀ fáírọ́ọ̀sì ò ràn: níbo ni àṣìṣe wà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ bá mi wo ìṣirò yìí nípa fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà tó ń ti ara sẹ́ńsọ̀ kan ran òmíràn. R₀ ni iye sẹ́ńsọ̀ tí ọ̀kan tó ní in máa kó o ràn ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ká ní sẹ́ńsọ̀ aláìlówáyà 200 ló ń ṣọ́ omi ọ̀sà ní Makoko, tí a fọ́n ká agbègbè 1 km sí 1 km, tí rédíò ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dé 100 m. Aládùúgbò sẹ́ńsọ̀ kan á tó 6.3 (π × 100² × 200 ÷ 1,000,000). β, ìyẹn ìyára ìkóràn, jẹ́ 0.05 ní wákàtí fún ìsopọ̀ kan, γ, ìyẹn ìyára ìwòsàn, jẹ́ 0.1 ní wákàtí. SIR (àwòṣe ìtànkálẹ̀ àrùn: àwọn tó lè kó o, àwọn tó ní in, àwọn tó ti bọ́) ti Kermack àti McKendrick, 1927, ní R₀ jẹ́ 3.14, ó yẹ kó ràn bí iná ọyẹ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi Python ṣe àfarawé rẹ̀, díẹ̀ ló ń kó o, ó sì kú.

Ohun tí mo fura sí nìyí: SIR kà wọ́n sí èrò ọjà Balógun tó ń fara kan ara wọn, bẹ́ẹ̀ sẹ́ńsọ̀ ò kúrò lójú kan. Ìsopọ̀ kan ń ràn án ní ìdá kan nínú mẹ́ta, β ÷ (β + γ). Bí a bá fojú bù ú, 6.3 di 2.1, irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí sì ń fẹ́ bíi 4.5 aládùúgbò kó tó so kọjá láti ìkángun kan dé èkejì.

Oorun ló wá dojú rẹ̀ rú. Bí sẹ́ńsọ̀ bá ń jí fún 20% àkókò nítorí bátìrì, ṣé 0.2 ni kí n fi sọ β di púpọ̀, àbí 0.04, nígbà tí aago wọn ò bára mu? Ṣé pair approximation (ìṣirò tó ń tọpa sẹ́ńsọ̀ ní méjì-méjì tó so pọ̀) tó, àbí kí n dúró ti Gillespie (àfarawé tó ń mú ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oríire)?