Ìrù kọ́ ni èrò tó tò

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè wa.

Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa kọ lánàá, pé kí á máa pe kíù, ìyẹn àwọn èrò tó tò tẹ̀lé ara wọn, ní "ìrù-èrò", torí pé ọ̀dọ̀ Faransé ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá queue, ìrù ló sì jẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ló kàn wá níbẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o. Ìyá arúgbó tó dúró láti àárọ̀ kùtù nítorí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ta ló máa sọ fún un pé inú ìrù ló wà? Ẹ̀yìn ni ìrù ń wà. Ẹni tó ṣíwájú pátápátá wá ńkọ́?

Tò ni ọ̀rọ̀ wa. Nígbà tí ìjọba Buhari àti Ìdíàgbọn gbé WAI (War Against Indiscipline, ogun tí wọ́n gbé ti ìwà àìníbàwí) dé ní oṣù kẹta 1984, tí sọ́jà ń fi kòbókò tò wá ní ibùdókọ̀, "Ẹ tò!" ni gbogbo ẹnu ń sọ. Kò sẹ́ni tó béèrè ọ̀rọ̀ orúkọ.

Nídìí ẹ̀rọ omi àdúgbò wa n'Íbàdàn, garawa la fi ń tò. Bí ebi bá ń pa ọ́, o gbé garawa sílẹ̀, o ní, "Màmá, ẹ̀yìn yín ni mo wà o," o sáré lọ jẹ̀bà. Bí o bá dé, "Ta ló kàn?" ni wàá béèrè. Ẹni tó bá ṣọ́ǹtì, tó já síwájú àwọn tó ti tò, wọ́n á da omi rẹ̀ nù, wọ́n á ju garawa rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀yìn, iwájú, kàn. Kí ló tún kù?

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìlà ti tó, èmi náà ń sọ ọ́. Àmọ́ ẹ fetí sí i: "Ẹ bọ́ sórí ìlà." Sórí! Ibi tí ẹsẹ̀ wà ni ìlà, kì í ṣe àwọn tó ni ẹsẹ̀.

Bó bá di dandan kí á ní orúkọ fún àwọn èèyàn náà gan-an, ọ̀wọ́ wà nílẹ̀. Bàbá mi kì í sọ pé àwọn ọmọ iléèwé tò kó má fi "lọ́wọ̀ọ̀wọ́" sí i. Ọ̀wọ́, ohùn ìsàlẹ̀ lẹ́yìn náà ohùn òkè; kì í ṣe ọwọ́, kì í ṣe ọ̀wọ̀, kì í ṣe ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀. Àbúrò tó kọ ọ̀wọ́ ní "owo" lásán láìfi àmì sí i, tó ní a óò mọ̀ ọ́n nínú gbólóhùn, owó ni mo kọ́kọ́ kà, ó sì dùn mí wọra.

Olùkọ́ wa tó ní ẹran nìkan là ń dà lọ́wọ̀ọ̀wọ́, mi ò gbà fún yín lórí èyí, sà. Èèyàn ni bàbá mi ń fi í pè. Ẹni tó bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nílé tirẹ̀, kó kọ gbólóhùn náà síbí bí wọ́n ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú àmì ohùn.