Máníjà ní kí n tẹ̀ ẹ́, mo sì tẹ̀ ẹ́

Àdùkẹ́, Brooklyn: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá ṣì lajú sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Àárín òru òní ni mo máa ti ilé oúnjẹ tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Máníjà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé kí n padà wá ṣí i ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọ̀la. Nínú schedule, ìwé ọjọ́ àti wákàtí iṣẹ́ wa, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri láti ọ̀sẹ̀ méjì, Sátidé ò sí lára ọjọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́ta wà nílé, ta ni màá gbé e fún ní ìdájí? Ó ní kí n wọ inú áàpù ibi iṣẹ́ wa, kí n béèrè pé mo fẹ́ fi Sọ́ńdè mi pààrọ̀ Sátidé, kó lè bọ́ sójú ìwé. Mo ti tẹ̀ ẹ́. Àyà mi ń já. Ṣé mo ṣì lè ní mi ò lọ? Ṣé wọn ò ní lé mi?

Ìyá Ìbejì, Queens: Yéè! O ti tẹ̀ ẹ́?

Bọ̀dá Láyí, Chicago: Ẹ má dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Àdùkẹ́, mi ò ní kí o dárúkọ wọn o. Ṣé èyí tó ní ẹ̀ka káàkiri Amẹ́ríkà ni?

Àdùkẹ́, Brooklyn: Bẹ́ẹ̀ ni sà. Wọ́n pọ̀ bí eṣú.

Ìyá Ìbejì, Queens: Tó bá jẹ́ ilé oúnjẹ kíákíá, fast food, tó sì ti tó ẹ̀ka 30, òfin ìlú New York ti gbèjà rẹ láti November 2017. Ó kéré tán, ọjọ́ 14 ṣáájú iṣẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti fún ọ ní schedule. Wákàtí tí wọ́n bá fi kún un lẹ́yìn ìyẹn, o lè kọ̀ ọ́. Pé kéèyàn ti ilẹ̀kùn lóru kó tún wá ṣí i kí wákàtí 11 tó pé, àfi tí o bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé o gbà, wọ́n á sì tún san 100 dọ́là lé e. 100 gbáko! Ọ̀fẹ́ lèmi ṣe é láti 2018 di 2020. Orí páálí nínú stóòrù ni mò ń sùn sí títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Ìgbà tí mo fi máa gbọ́, ọdún méjì tí wọ́n fún èèyàn láti fẹjọ́ sùn ti kọjá.

Ṣọlá, Bronx: 100 dọ́là yẹn ló dójú tì mí o. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ ni mo wà. Mo ka òfin lórí fóònù, mo wọ ọ́fíìsì ọ̀gá tìjàtìjà. Ó jẹ́ kí n rò tán, ó wá bi mí pé ṣé ẹran díndín là ń tà níbí ni. Òfin ilé oúnjẹ ni mo gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù aṣọ! Tiwa, wákàtí 72 ṣáájú iṣẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti fún wa ní schedule, wọn ò sì gbọ́dọ̀ ní ká jókòó sílé máa retí ìpè. Kò sí 100 dọ́là kankan níbẹ̀.

Ọmọ Àkàndé, Houston: Ẹ kú òfin o. Ní Houston tiwa, irú ẹ̀ ò sí rárá. Wọ́n lè pè mí ní aago mẹ́rin pé kí n dé ní aago márùn-ún. Ṣùgbọ́n nínú ilé oníyàrá mẹ́rin ni mo ti ń gbé ìpè ọ̀hún.

Ìyá Ìbejì, Queens: Ó tún ti bẹ̀rẹ̀.

Bọ̀dá Láyí, Chicago: Áàpù tó tẹ̀ yẹn ni wàhálà. Tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ fúnra ẹ̀ ló bẹ̀bẹ̀ fún àyípadà, ilé iṣẹ́ ò jẹ ẹ́ ní owó tí wọ́n ń san fún yíyí schedule padà. Lójú ìwé báyìí, Àdùkẹ́ ló bẹ̀bẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe mí níbí nìyẹn ní 2022, ìgbà tí tiwa náà ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọjọ́ 14. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo béèrè owó, wọ́n gbé áàpù síwájú mi: orúkọ mi rèé, aago tí mo tẹ̀ ẹ́ rèé. N ò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Àǹtí Fúnkẹ́, Seattle: Bọ̀dá, mi ò gbà. Ẹ̀yin ò ní ẹ̀rí, òun ní. Àtẹ̀jíṣẹ́ máníjà wà lórí fóònù ẹ̀. Tí mo bá di ọwọ́ ẹni mú, tí mo fi tẹ ìka sínú ìwé, ṣé onítọ̀hún ló fọwọ́ síwèé?

Bọ̀dá Láyí, Chicago: Kò dì í lọ́wọ́ mú. Ó ní kó tẹ̀ ẹ́ ni.

Àǹtí Fúnkẹ́, Seattle: Ẹni tó ń pín wákàtí iṣẹ́ fún un ló ní kó tẹ̀ ẹ́! Ìyẹn ju ìdìmú lọ.

Ìyá Ìbejì, Queens: Ó yẹ kó ti fèsì ná, kó tó tẹ̀ ẹ́. Kó sáà kọ ọ́ pé ìwọ lo ní kí n wá o, èmi kọ́ ni mo béèrè.

Bọ̀dá Láyí, Chicago: Ó ti pẹ́ jù.

Àǹtí Fúnkẹ́, Seattle: Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Àdùkẹ́, kọ ọ́ sí i nísinsìnyí. Ya àwòrán àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn àti schedule ara ògiri, kí déètì hàn, kí o fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ, torí wọ́n lè yọ ọ́ kúrò nínú áàpù nígbàkígbà. Lẹ́yìn náà, pe 311, nọ́ńbà tí ìlú New York fi ń gba ẹjọ́.

Àdùkẹ́, Brooklyn: Ẹ̀gbọ́n, ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́nà o.

Ìyá Ìbejì, Queens: Òfin yẹn ò béèrè ìwé ìgbélùú. Ní 2022, ìlú gba 20 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ ilé oúnjẹ kan ṣoṣo lórí schedule àti owó ìsinmi àìsàn, nǹkan bí òṣìṣẹ́ 13,000 ló wà fún. Ti lílé tí ò ń bẹ̀rù, láti July 2021, wọn ò lè lé òṣìṣẹ́ irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ láìnídìí tó bá ti kọjá ọjọ́ 30 àkọ́kọ́. O ti tó bẹ́ẹ̀?

Àdùkẹ́, Brooklyn: Oṣù mẹ́jọ, mà.

Màmá Tọ́pẹ́, Newark: Àwa tí à ń tọ́jú arúgbó nílé wọn ńkọ́? Lánàá, mo ti bọ́ bàtà tán kí wọ́n tó pè mí padà.

Ọmọ Àkàndé, Houston: Gbogbo òfin yìí, inú yàrá kan náà lẹ̀ ń kà á.

Ṣọlá, Bronx: Réèlì ń gbé wa délé lóru. Ìwọ, tí mọ́tò rẹ bá kọṣẹ́ ńkọ́?

Ọmọ Àkàndé, Houston: Má bú mọ́tò mi o.

Àǹtí Fúnkẹ́, Seattle: Ẹ máa bọ̀ ní Seattle. Tí ìsinmi àárín shift méjì ò bá pé wákàtí 10, ìlọ́po kan àtààbọ̀ ni wọ́n ń san lórí èyí tí ò pé.

Bọ̀dá Láyí, Chicago: Òjò yín ńkọ́, èló ni wọ́n ń san lórí ẹ̀?

Àǹtí Fúnkẹ́, Seattle: Ẹ wo ará Chicago tó ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́!

Ìyá Ìbejì, Queens: Tèmi ni ti ìyá mi. Tí mo bá tilẹ̀kùn tán láàárín òru, ìdájí ti dé nílé ní Nàìjíríà. Ó ti jí, ó ń gbàdúrà. Á ní, "O ò tíì sùn?" Mo máa ń purọ́ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni.

Ṣọlá, Bronx: Ìyá tèmi rò pé ọ́fíìsì ni mò ń lọ.

Ọmọ Àkàndé, Houston: Tèmi ní kí n gbé fóònù yí ilé ká, kí òun rí yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìyá Ìbejì, Queens: Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí yàrá yẹn wó lù wá.

Àdùkẹ́, Brooklyn: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n lọ àbí kí n má lọ?

Bọ̀dá Láyí, Chicago: Lọ. Béèrè owó rẹ lẹ́yìn.

Àǹtí Fúnkẹ́, Seattle: Má lọ! Tó bá lọ, wọ́n á ní ó gbà nìyẹn.

Bọ̀dá Láyí, Chicago: A tún ti padà síbẹ̀.

Àdùkẹ́, Brooklyn: Ẹ káàárọ̀. Mo ti wà nínú réèlì. Ìyá kan ní ilé òkè wa ló bá mi gba ọmọ. Mo kọ ọ́ sí máníjà pé òun ló ní kí n wá, èmi kọ́ ni mo béèrè. Àtàǹpàkò nìkan ló fi dá mi lóhùn. Ṣé ìyẹn náà ń jẹ́ ìwé?

Ọmọ Àkàndé, Houston: Èyí tó nà sókè ni àbí èyí tó dorí kodò?