Èsì lórí «showcase»: ìpàtẹ kọ́, ìfihàn kọ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè yìí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Toronto ló fi ìkéde kan ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé kí á bá òun gbé e sí Yorùbá fún àwọn ìyá àti bàbá wa tó ń pàdé lóṣooṣù níbẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé TIFF, àwọn tó ń ṣe àjọ̀dún fíìmù ìlú náà, fẹ́ kó fíìmù Kánádà mẹ́wàá tó dára jù lọ́dún wá síwájú òǹwòran, àwọn tó ṣe fíìmù náà yóò sì wá bá èèyàn sọ̀rọ̀. «Showcase» ni Gẹ̀ẹ́sì pè é. Látìgbà náà ni èsì ti ń rọ̀. Bàbá wa ní Ìbàdàn fẹ́ «ìpàtẹ». Àbúrò wa tó ń kọ́ni ní Ìlọrin fẹ́ «ìfihàn». Ẹnì kan túmọ̀ «Canada's Top Ten», orúkọ ètò náà, sí «Mẹ́wàá Òkè ti Kánádà». Ẹlòmíràn ní kí á kúkú fi «ṣókéèsì» sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò sì lè dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ṣókéèsì kúrò lọ́nà. Mi ò kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò. Fíìmù, sinimá àti tíátà ti di tiwa, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà torí wọn. Ṣùgbọ́n ṣókéèsì ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ilé Yorùbá tipẹ́: òun ni àpótí onígíláàsì inú pálọ̀, níbi tí ìyá ń to àwo olówó iyebíye sí, tí ọmọ kankan kò gbọdọ̀ fi jẹun. Bí ìyá ẹni àádọ́rin ọdún bá gbọ́ pé wọ́n kó fíìmù sí ṣókéèsì, ohun tí yóò yé e ni pé wọ́n tọ́jú wọn pa mọ́, pé kí á má fọwọ́ kàn wọ́n. Àwa sì rèé, à ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá wò ó.

Ìpàtẹ ló ṣòro fún mi láti kọ̀, torí ọ̀rọ̀ tó lẹ́wà ni, Bàbá sì gbèjà rẹ̀ dáadáa. A ní ìpàtẹ ọjà, a ní ìpàtẹ ìwé, kí ló dé tí a kò ní ní ìpàtẹ fíìmù? Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Ẹni tó bá pàtẹ, ohun tó ní ló ń tò síta: ata rodo, tàtàṣé, àlùbọ́sà, èyí tó pọ́n dáadáa àti èyí tó ti fẹ́ máa rọ̀. Oníbàárà ló máa wá ṣà á. Nínú ètò tí à ń sọ yìí, ṣíṣà ti parí kí òǹwòran tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Láti 2001 ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí ọdún bá ń lọ sópin, nínú oṣù Kejìlá, wọ́n á kéde orúkọ fíìmù tí wọ́n mú, ìyókù á sì dúró sílé. Bí a bá pè é ní ìpàtẹ, a ti gba iṣẹ́ mọ́ àwọn tó jókòó wo fíìmù ọdún kan gbáko lọ́wọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ lé mẹ́wàá.

Mo mọ ibi tí ìpàtẹ ti bá a mu, lọ́dọ̀ TIFF kan náà sì ni. Ní 2016, nínú ètò tí wọ́n máa ń yà sọ́tọ̀ nígbà náà fún ìlú kan lágbàáyé, Èkó ni wọ́n mú. Fíìmù mẹ́jọ ló gba ibẹ̀ lọ sí Toronto: ti ìgbéyàwó tó ń pani lẹ́rìn-ín, ti ìdìtẹ̀gbàjọba àwọn sójà ní 1976, ti bí wọ́n ṣe gbógun ti Ebola, àti àwọn mìíràn. Wọ́n fẹ́ kí ayé rí irú ohun tó wà lórí àtẹ Èkó, kí oníkálukú sì mú èyí tó bá wù ú. Ìpàtẹ nìyẹn lóòótọ́.

Ti ìfihàn kò gba àkókò. Ohun tó fara sin là ń fi hàn, ìwé tó kẹ́yìn nínú Bíbélì ló sì ni orúkọ náà. Bí àwọn àgbà bá rí i gàdàgbà lókè ìkéde, orúkọ ìjọ ni wọ́n á kọ́kọ́ wá. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn fíìmù wọ̀nyí ti kọ́kọ́ jáde níbòmíràn láàárín ọdún. Kò sí ohun tó pamọ́ nípa wọn mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí á jọ wò ni àṣàyànwò. Mi ò já a bọ́ láti ojú ọ̀run. Ògúndé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fíìmù tirẹ̀ káàkiri gbọ̀ngàn ní 1979. Nígbà tí ẹ̀rọ fídíò wá wọlé tọ̀ wá, ó di dandan kí á ya èyí tí à ń jókòó sílé wò sọ́tọ̀, a sì rí àgbéléwò: à-gbé-ilé-wò. Ọ̀rọ̀ náà sọ ibi tí ara òǹwòran wà kó tó sọ ohun tí ojú rẹ̀ ń ṣe. Ìdí nìyí tí n kò fi lè gbà fún ẹni tó kọ «eré àgbéléwò mẹ́wàá» sínú èsì rẹ̀. Ilé TIFF ní òpópónà King, tí wọ́n ṣí ní 2010, ni àwọn àgbà yóò dìde lọ. Wọn ò gbélé.

Sílébù mẹ́rin ni àgbéléwò ní, mẹ́rin náà ni àṣàyànwò ní. Ṣíṣà wà nínú rẹ̀, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Yíyàn wà nínú rẹ̀, ìyẹn ni kí á nàka sí ọ̀kan pé ìwọ ni mo mú. Wíwò ló gbẹ̀yìn, torí bí òǹwòran kò bá sí nínú gbọ̀ngàn, orúkọ lásán ló wà lórí ìwé. Ẹ lè ní àṣàyàn nìkan ti tó. Àṣàyàn ewì ń bẹ, ó tó fún ìwé, torí ẹnì kan lè kà á nínú yàrá rẹ̀. Ibi ìpàdé ni èyí. Mo sì mọ̀ pé àwọn tó mọ ìlù nínú wa yóò ní ohùn ìsàlẹ̀ pọ̀ jù, dò-dò-dò-dò, kò gbé sókè bíi dò-mí-mí-dò ti àgbéléwò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n dò mẹ́ta ni àṣàyàn fúnra rẹ̀, mi ò sì tíì gbọ́ ẹni tó ní ó wúwo lẹ́nu òun.

Fún àwọn tó ní ọ̀rọ̀ àtọwọ́dá kì í wọ ọjà, ẹ jẹ́ kí á wo Kánádà gan-an. Ní Québec, níbi tí Faransé ti wà láàárín agbami Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gé courrier, ìyẹn lẹ́tà, wọ́n gé électronique, wọ́n so méjèèjì pọ̀, wọ́n ní kí ímeèlì máa jẹ́ courriel. Àwọn èèyàn ń lò ó. Ní 2003 ìjọba ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀ gbà á wọlé: ọmọ tó ti kúrò nílé láti ayébáyé ló kọ́ ìyá rẹ̀ ní ọ̀rọ̀.

Ó wá kan àwọn tó ṣe fíìmù. Inú ìkéde tí a ti kọ́kọ́ túmọ̀, «olùdarí eré» ló wà níbẹ̀. Mo bẹ̀ yín, kí á yọ ọ́. Ẹ rántí Alanis Obomsawin, ọmọ ẹ̀yà Abenaki, ọ̀kan lára àwọn onílẹ̀ ayébáyé ní Kánádà, tó ti ń ṣe fíìmù láti ọdún gbọọrọ ní ilé-iṣẹ́ fíìmù ìjọba Kánádà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1939. Ní 1990, nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ ilẹ̀ àwọn Mohawk, tí àwọn náà jẹ́ onílẹ̀ ayébáyé, àti ibi tí òkú wọn sùn sí, di pápá gọ́ọ̀fù ní Oka, àwọn Mohawk dí ọ̀nà, ọlọ́pàá àti sójà sì dojú kọ wọ́n fún ọjọ́ 78. Obomsawin wà níbẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà. Fíìmù rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1993. Ta ni ó darí? Eré wo ni wọ́n ń ṣe? Ìbọn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ìtàgé. A ti mọ́ wa lára láti máa pe gbogbo fíìmù ní eré, torí láti orí ìtàgé ni tiwa ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pe ìyẹn ní eré ti ṣẹ àwọn tó jìyà níbẹ̀.

Onífíìmù ńkọ́? Aláṣọ ló ń ta aṣọ, ahunṣọ ló ń hun ún. Onífíìmù lójú tèmi ni ẹni tó ni káńtà ní Ìdúmọ̀tà. Ẹni tó jókòó síwájú òǹwòran ní Toronto ni ahunṣọ, nítorí náà mo dìbò fún aṣefíìmù. Àbúrò wa kan ní «aṣe-» kò dùn ún gbọ́ nítorí aṣebi. Kí ó jọ̀wọ́ rántí aṣòfin àti aṣerunlóge. Ó gbòòrò tó fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ náà: nínú fíìmù tó gbé jáde ní 2024, Matthew Rankin, ọmọ Kánádà, ló darí, ó wà lára àwọn tó kọ ọ́, ó sì ṣeré nínú rẹ̀.

Fíìmù yẹn ló gbé mi dé ibi tó ń dùn mí jù. Ìkéde wa kọ «fíìmù Òyìnbó láti Kánádà». Ìlú Winnipeg ni ti Rankin ti ṣẹlẹ̀, èdè Páṣíà sì ni àwọn ará ibẹ̀ ń sọ nínú rẹ̀, pẹ̀lú Faransé. Ní 2001, ọdún tí ètò yìí bẹ̀rẹ̀, Zacharias Kunuk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Igloolik, ní àríwá tó kún fún yìnyín, gbé fíìmù gígùn àkọ́kọ́ jáde tó jẹ́ Inuktitut, èdè àwọn Inuit, látòkèdélẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn fíìmù àkọ́ṣe ní Cannes. Nígbà tí TIFF dìbò ní 2015 lórí fíìmù Kánádà tó dára jù láti ìgbà ìwáṣẹ̀, òun ló wà lókè. Orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn ni Isuma, ìyẹn ìrònú ní èdè wọn. Ní 2018, fíìmù kan jáde ní èdè Haida nìkan, èdè tí àwọn tó gbọ́ ọ dáadáa kò pọ̀ mọ́ rárá. Àwọn òṣèré ní láti kọ́ èdè baba wọn kí wọ́n tó lè ṣe é. Ẹ sọ fún mi, ta ni Òyìnbó nínú gbogbo wọn? Àwa tí à ń jà nítorí ohùn orí ọ̀rọ̀ wa kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò fi Òyìnbó bo èdè ẹlẹ́dẹ̀ẹ́ mọ́lẹ̀.

«Fíìmù láti Kánádà» pàápàá kò ṣe déédéé. Ọ̀pọ̀ fíìmù Amẹ́ríkà ni wọ́n ń yà ní Toronto àti Vancouver, tí wọ́n á sọ òpópónà ibẹ̀ di New York. Láti Kánádà ni wọ́n ti wá, wọn kì í ṣe ti Kánádà. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń fọwọ́ sí i pé fíìmù kan jẹ́ ti ilẹ̀ náà, CAVCO, máàkì mẹ́wàá ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́: méjì bí olùdarí bá jẹ́ ọmọ Kánádà, méjì fún ẹni tó kọ ọ́, ìyókù pín sáàárín òṣèré, ayàwòrán, olórin àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbọ́dọ̀ ní mẹ́fà, ó kéré tán. Nítorí náà «fíìmù Kánádà», láìsí «láti», bí a ṣe ń wí pé aṣọ òkè tàbí iṣu Èkìtì.

«Mẹ́wàá Òkè» ń pe òkè Olúmọ wá sọ́kàn. «Mẹ́wàá tó ta yọ» ni kí á kọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá òǹwòran sọ kì í sì í ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́, torí kò sí ẹni tó ń kọ́ ẹnikẹ́ni ní sílébù. Òǹwòran ń béèrè, aṣefíìmù ń fèsì, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. Ìtàkùrọ̀sọ nìyẹn.

Bí mo ṣe rò pé ó yẹ kó rí rèé, ẹ̀gbọ́n:

«Ẹ wá síbi àṣàyànwò fíìmù Kánádà mẹ́wàá tó ta yọ lọ́dún yìí. Lẹ́yìn ìwòran, àwọn aṣefíìmù yóò bá wa tàkùrọ̀sọ. Ẹ mú ìbéèrè yín dání.»

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ tó fúyẹ́ ju àṣàyànwò lọ lẹ́nu ìyá àgbà, kó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wa tó gbé ìkéde lọ fún àwọn atẹ̀wé.