Ṣé ará ìta lè wọ ibi lẹ́kíṣọ̀ ayẹyẹ yunifásítì?

Ọmọ Ọlá-Ìyá: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará Òṣogbo, 2006 ni wọ́n dá UNIOSUN (yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun) sílẹ̀, ó túmọ̀ sí pé 2026 ló pé ogún ọdún, tí wọ́n bá wá pe èèyàn wá sọ̀rọ̀ ní ọgbà wọn ní Òkè-Báálẹ̀, ṣé èmi tí mò ń ránṣọ yìí lè wọlé jókòó àbí àfi ẹni tó bá ní káàdì iléèwé?

Bọ̀dá Tíṣà: Wọlé jàre. Tí pósítà bá ti ní ìta gbangba ni, gbogbo ayé ló pè. Ṣáà tètè dé, àwọn ọba àti ọlọ́lá ló ni àga iwájú.

Ìyá Ìbejì: Tètè dé kẹ̀ 😂 èyí tí mo lọ nígbà kan (mi ò dárúkọ iléèwé o) aago mẹ́wàá ni wọ́n pè, ọ̀sán pọ́n tán wọ́n ṣì ń kí àwọn èèyàn ńlá, ìgbà tó wá kan ìbéèrè, ẹni tó gba máíkì kọ́kọ́ ṣe lẹ́kíṣọ̀ tiẹ̀, ni alága bá ní àsìkò ti lọ. Páńẹ́ẹ̀lì, ìyẹn tí èèyàn mélòó kan bá jọ jókòó jíròrò, ló dùn jù, wọ́n á máa já ara wọn lọ́rọ̀.

Àlàó: Tèmi ni pé kí wọ́n sọ̀rọ̀ Òṣogbo gan-an. 1962 ni Dúró Ládiípọ̀ onítíátà àti Ulli Beier, òyìnbó Jámánì, dá Mbari Mbayo, ibùdó àwọn oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ níbí. Ẹ gbé àwọn ayàwòrán àtàwọn aláró sórí àga páńẹ́ẹ̀lì náà, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan.

Ọmọ Ọlá-Ìyá: Ẹ ṣé gan ni. Màá gbé gúgúrú dání.